Ọ̀rọ̀ Rere Ní Í Yọ Obì Lápò: Bí Ó Ti Yẹ Kí Ìlú Máa Kọ Ìwé Ìtọrọ Ìrànlọ́wọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ òwe yìí, yóò rí i pé obì ti wà nínú àpò kí ẹni tí ń tọrọ rẹ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó wá tọrọ ni yóò sọ bóyá obì náà yóò jáde tàbí kò níí jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn ìlú wa tí ń wá ìrànlọ́wọ́ àti àwọn tí Ọlọ́run fún ní ohun tí wọ́n lè fi ran ènìyàn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń kọ ìwé, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń kọ ìwé, àwọn ọ̀dọ́ náà ń kọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ni kì í rí èsì. A sì máa ń yára wí pé ahun ni àwọn olówó. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ahun nìkan ni ó ń fa ìdákẹ́jẹ́ yìí. Àṣà ìtọrọ tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ ni a gbé jù sẹ́yìn nígbà tí a mú kálàmù.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú sánmà, ẹ jẹ́ kí a wo agbègbè Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òrè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra tí wọ́n ti gba Bìní kọjá dé, kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn padà, láti inú rẹ̀ ni a ti ń wí títí di òní pé, "Ó le kú, ìjà Òrè." Ilẹ̀ náà lọ́ràá. Kòkó wà níbẹ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, obì, rọ́bà àti igi gẹdú kò wọ́n. Ọmọ onílẹ̀ àti àlejò láti oríṣiríṣi ìlú ni wọ́n jọ ń dáko nínú àwọn abúlé tí ó yí Odígbó àti Òrè ká. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ tí ń gba ojú títì kọjá lọ́sàn-án àti lóru kì í dédé yà sí abúlé. Ọkọ̀ ńlá á kọjá, ọkọ̀ olówó á kọjá, ilé-ìwé tí atẹ́gùn ṣí páànù rẹ̀ á sì máa wò wọ́n. Bí abúlé bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Bí yóò ṣe sọ ọ́ ni ó kù.

Àwọn kan yóò wí pé ìtọrọ kò yẹ ọmọ Yorùbá, pé ẹni tí ó bá na ọwọ́ ti sọ iyì rẹ̀ nù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni agbe ṣíṣe, ọ̀tọ̀ ni ìtọrọ. Alágbe ń fi ìyà rẹ̀ hàn, kì í sì í sọ ohun tí yóò fi owó ṣe. Ẹni tí ń tọrọ ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ó sì ń sọ ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. Ẹ wo ọ̀wẹ̀ tí a ń bẹ láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀ kì í dédé dúró lójú ọ̀nà kí ó máa ké. Yóò lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé wọn, yóò dá ọjọ́, yóò sọ bóyá ebè ni wọn yóò kọ tàbí ògiri ni wọn yóò mọ, yóò sì sọ bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Yóò pèsè oúnjẹ àti omi. Ní ọjọ́ náà, òun ni yóò kọ́kọ́ débi iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ igi ni ó jókòó sí nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń làágùn, ìgbà kejì tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀, kò sí ẹni tí yóò yọjú. Nínú àṣà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo òfin ìwé ìtọrọ wà: mọ ẹni tí ìwọ ń bẹ̀, sọ ohun tí o fẹ́, sọ bí ó ti tó, kí o sì kọ́kọ́ ti ọwọ́ tìrẹ bọ̀ ọ́.

Ìwé gan-an kò ṣàjèjì sí wa tó bí àwọn kan ti rò. Kí ìwé kíkọ tó dé, àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn mi fà sí ọ, kí ọkàn tìrẹ náà fà sí mi. Ẹ kíyè sí i pé ìfẹ́ ni ó ṣáájú. Ẹ̀bẹ̀ ń tẹ̀ lé e ni. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, kò sí ibi ìdána kan tí a kò ti ń gbé lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó wá. Ẹbí ọkọ yóò kí ẹbí ìyàwó, wọn yóò yin ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ ọmọ náà, wọn yóò sọ ohun tí wọ́n wá tọrọ láìfi igbá bọ̀ ọ́, wọn yóò sì ṣe ìlérí ìtọ́jú. A ó ka lẹ́tà náà sókè kí gbogbo àwùjọ lè gbọ́. Kò sí ẹbí tí ń kọ̀wé pé, "Ẹ ṣàánú wa, ọmọ wa ti dàgbà, kò rí aya fẹ́, ìyà ń jẹ ẹ́." Kí ló wá dé tí a fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá kan ilé-ìwé àti kànga?

Ìtàn ilẹ̀ wa kún fún àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1848, nígbà tí Henry Townsend tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì ń padà lọ sí ìlú rẹ̀, Ṣàgbùà àti àwọn olóyè Abẹ́òkúta fi ìwé rán an sí Ọbabìnrin Victoria. Kì í ṣe ìyà ni ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ohun tí wọ́n ti rí lára iṣẹ́ àwọn tí ó wá sí ọ̀dọ̀ wọn, ó dúpẹ́, ó sọ ohun tí ń dí wọn lọ́wọ́, èyí tí í ṣe òwò ẹrú ní etíkun, lẹ́yìn náà ni ó wá tọrọ: kí a rán àwọn oníṣòwò tòótọ́ wá, kí a sì rán àwọn tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Èsì dé ní ọdún 1849. Bíbélì méjì dé, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní èdè Lárúbáwá; ẹ̀rọ onírin tí a fi ń lọ àgbàdo sì dé láti ọ̀dọ̀ ọkọ Ọbabìnrin náà. Ìwé tí ó sọ pé àwọn ènìyàn kan fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ni ó mú ẹ̀rọ iṣẹ́ bọ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà kọ́ wa pé ìwé lè dùn, kí ohun tí ó bí sì korò. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè kúrò lórí oyè Èkó, Akítóyè kọ̀wé láti Badagry sí Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, òun yóò sì fi òpin sí òwò ẹrú. Ìwé náà wọ etí wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, wọ́n fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi fọ́ Èkó, wọ́n sì gbé Akítóyè padà sórí oyè. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú ni wọ́n mú kí ó fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹni tí yóò tọrọ nǹkan gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tí yóò fún un, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni náà yóò gbà padà.

Kì í sì í ṣe òkèèrè nìkan ni ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ ti ń wá. Ní ọdún 1859, nígbà tí Thomas Babington Macaulay fẹ́ dá ilé-ìwé gíga CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, Captain James Pinson Labulo Davies, ọmọ Yorùbá tí ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò, ni ó fún un ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Nítorí náà, kí ọmọ ìlú tó kọ̀wé sí àjèjì, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo àyíká rẹ̀: onígẹdú tí ń gé igi nínú igbó wa, olówó kòkó, oníléeṣẹ́, àti ọmọ wa tí ó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun.

Wàyí o, àwọn àléébù wo ni ó wà nínú ìwé tí a ń kọ lónìí? Èkíní ni ọ̀rọ̀ ńláńlá. Akọ̀wé yóò ti inú ìwé atúmọ̀ èdè fa Gẹ̀ẹ́sì tí eyín kò lè fọ́ yọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń ka ìwé náà kò níí mọ bóyá páànù ni a ń béèrè tàbí àga. Èkejì ni pé a máa ń tọrọ ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà: kànga, gbọ̀ngàn, ilé ìwòsàn, ọ̀nà, iná. Ẹni tí ó bá béèrè ohun gbogbo kò tíì mọ ohun tí ó ń dùn ún jù. Ẹ̀kẹta ni pé a ń da ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn, kìkì orúkọ ni a ń yí padà. Ẹ̀kẹrin, tí ó sì burú jù lójú tèmi, ni pé a ń ta ìtìjú ọmọ wa. A ó wá ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ya jù lọ, a ó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ikun ní imú, a ó sì fi í sínú ìwé kí àlejò lè sunkún. Ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ náà yóò dàgbà. Yóò rí fọ́tò náà. Ẹ̀karùn-ún ni fífi oyè fa ojú olówó mọ́ra. Oyè wà fún ẹni tí ó ti ṣe ìlú lóore. Bí a bá sọ ọ́ di ọjà tí a ń nà síta nínú ìwé ìtọrọ, oyè kò ní iyì mọ́, olówó náà yóò sì gbà pé òun ti ra ìlú.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí a kọ ọ́? Ká ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Odígbó, tí òjò ti ba òrùlé rẹ̀ jẹ́. Ìwé rẹ̀ lè lọ báyìí pé:

"A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ni ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé abúlé wa. A gbọ́ pé ní ọdún tó kọjá ẹ tún ilé-ìwé kan ṣe ní ìlú tí ó múlé gbè wá, a sì lọ fi ojú ara wa wò ó; iṣẹ́ náà dára. Atẹ́gùn oṣù kẹrin ṣí òrùlé kíláàsì mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, ọgọ́fà ọmọ sì ń lo abẹ́ igi. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kò sí ẹ̀kọ́. A ti dá owó, a ti ra ìṣó. Àwọn onígẹdú ti fún wa ní pákó. Àwọn káfíńtà tí wọ́n jẹ́ òbí láàárín wa yóò ṣe iṣẹ́ náà láìgba owó. Páànù ni ó kù. Iye bọ́ńdù tí a nílò àti iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà Òrè ni a kọ sí ojú ìwé kejì. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́. Ẹ ra páànù náà, ẹ rán ẹni yín wá kí ó wo bí a ti ń kàn án."

Ẹ wo ìwé náà dáadáa. Kò gùn. Ó kí ènìyàn bí ó ti yẹ. Ó fi hàn pé a mọ ẹni tí a ń bẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó tọrọ, ó sì sọ iye rẹ̀. Pàtàkì jù lọ, ó sọ ohun tí ìlú ti ṣe. Kì í ṣe àṣà Yorùbá nìkan ni ó ń béèrè èyí. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 wí pé ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ fún ilé-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó owó tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè gbà á. Bí ìjọba bá lè sọ fún ìjọba pé kí ó kọ́kọ́ na ọwọ́ rẹ̀, mélòó mélòó ni ẹgbẹ́ abúlé? Bákan náà, ìjọba ilẹ̀ Japan ní ètò kan tí ọ́fíìsì aṣojú rẹ̀ fi ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ kéékèèké bí ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti omi. Ẹgbẹ́ àti àjọ tí kì í wá èrè ni wọ́n ń fún, kì í ṣe ẹnì kan fún àpò ara rẹ̀. Wọn a sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ó bá parí. Ìbéèrè tí àgbà máa ń bi ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni ìwọ̀nyí, àfi pé èdè ni ó yàtọ̀.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ohun kan tí ó ba ọjà jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan fi ìwé dídùn lu àjèjì ní jìbìtì títí nọ́ńbà 419, tí í ṣe abala kan nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa, fi di orúkọ tí ayé mọ̀ wá sí. Ìjọba ṣe òfin tí ó le sí i lórí irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ìfura kò tíì kúrò lọ́kàn ènìyàn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lówó ni a ń ra èké. Nítorí náà, ìwé tòótọ́ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rí rẹ̀ dání: orúkọ ẹgbẹ́ tí a ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, àkáǹtì báńkì tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti alága, orúkọ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa fọwọ́ sí ìwé owó, àti ẹni tí a lè bi léèrè nípa wa. Kí a má ṣe bù mọ́ iye ọmọ, kí a má ṣe bù mọ́ iye páànù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bí ó bá sì bá a, kì í ṣe akọ̀wé nìkan ni yóò tì lójú, ìlú ni.

Àwọn ẹlòmíràn yóò béèrè pé ẹ̀tọ́ wa kọ́ ni ilé-ìwé àti omi, kí ni a ń bẹ ènìyàn fún? Òtítọ́ ni, ẹ̀tọ́ wa ni. Ẹ kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí ìjọba ìpínlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí onígbèsè tí a ń rán létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kìíní lónìí kò lè dúró de ìgbà tí onígbèsè yóò rántí. Ìwé méjèèjì ni kí a kọ. Kí a má ṣe fi ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́.

Ìwé kan wà tí púpọ̀ nínú wa kì í kọ rárá, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù: ìwé ọpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Lẹ́yìn tí a bá ti kan páànù tán, kí a kọ̀wé sọ iye tí a ná, kí a sọ èyí tí ó ṣẹ́kù, kí a ya fọ́tò òrùlé náà àti àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó nísàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Bí iṣẹ́ bá sì pẹ́, kí a kọ̀wé sọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ má ṣe fi lẹ́tà kíkọ mọ sí èyí tí ọmọ ń kọ sí bàbá rẹ̀ fún owó ilé-ìwé. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo ohun tí ó bàjẹ́ ní àyíká wọn, kí wọ́n ka iye rẹ̀, kí wọ́n béèrè owó rẹ̀ lọ́jà, kí wọ́n sì fi Yorùbá tí ó já gaara kọ ọ́ kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni ìlú ń rán. Bí a bá sì rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe fi ìwé ìlú ṣe àṣehàn ìmọ̀ yín.

Ẹ̀yin àgbà, tiyín ni ó kẹ́yìn. Nígbà tí àwọn akọ̀wé ń jókòó lẹ́bàá kóòtù àti ilé ìfìwéránṣẹ́ láti bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, òfin wà pé kí akọ̀wé ka ìwé náà fún ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ kí ẹni náà tó tẹ ìka, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹ má ṣe tẹ ìka, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan ní orúkọ ìlú tí a kò kà sókè lójú gbogbo yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, onílẹ̀ àti àlejò. Bí a bá ka ìwé náà, tí ojú ti ẹnikẹ́ni nínú yín nítorí irọ́ tàbí nítorí ìtẹríba ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún akọ̀wé. Bí gbogbo yín bá gbọ́ ọ tí ẹ sì lè wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, àwa nìyẹn, iṣẹ́ wa nìyẹn, ibi tí ó kù sí nìyẹn," ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Bí ẹni tí ó gbà á kò tilẹ̀ ní páànù, kò ní lè sọ pé òun kò mọ irú ènìyàn tí ó kọ ọ́.